Kí Ni Kọ̀ǹpútà Kan? Ìyọ̀ǹda Ètò àti Títún Àṣẹ Gbà lẹ́yìn Ìpààrọ̀ Ẹ̀yà Ẹ̀rọ

1.0 Ìfáárà

Iṣẹ́ yìí dá lé ọ̀ràn kan tí ó máa ń bá ẹni tí ó bá tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe. Onítọ̀hún ti ra ètò sí orí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ti san owó rẹ̀ pé, ó sì ti ń lò ó fún ìgbà pípẹ́ láìsí aáwọ̀ kankan láàárín òun àti ẹni tí ó tà á fún un. Ní ọjọ́ tí ó yọ háàdì dísìkì àtijọ́ tí ó sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀, tàbí tí ó pààrọ̀ mọ́dàbọ́ọ̀dù tí iná mànàmáná bàjẹ́, ètò náà kò dá ẹ̀rọ mọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ yóò yọ lójú ẹ̀rọ pé kí ó tún àṣẹ gbà. Ètò tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò yí padà. Ẹni tí ó ń lò ó kò yí padà. Irin àti ike ni ó yí padà.

Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, wàhálà àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe lásán ni èyí. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé: kí ni ó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan jẹ́ ọ̀kan náà láti ọdún dé ọdún, ta ni ó sì ní ẹ̀tọ́ láti dáhùn? Àwọn tí ń ta ètò ti dáhùn ìbéèrè yìí ní ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n ka ẹ̀yà ara ẹ̀rọ. Wọ́n tọ́ka sí ẹ̀yà kan ṣoṣo pé òun ni ẹ̀rọ. Níkẹyìn wọ́n fi orúkọ ènìyàn kún un. Bí ìdáhùn bá ti yí padà ni ohun tí oníbàárà rà ń yí padà pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó bi í.

Kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́jú pọ̀, ó yẹ láti túmọ̀ díẹ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí yóò máa jẹ yọ. Ètò ni àkójọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Ìyọ̀ǹda ni àdéhùn tí ó sọ bí ẹni tí ó gba ètò ṣe lè lò ó àti ibi tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ dé. Gbígba àṣẹ ni ìgbésẹ̀ tí ètò fi ń kàn sí ẹni tí ó ni ín láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé orí ẹ̀rọ tí a yọ̀ǹda ni òun wà. Bí èyí bá tún wáyé lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé ẹ̀rọ yí padà, a jẹ́ títún àṣẹ gbà. Windows ti ilé-iṣẹ́ Microsoft ni àpẹẹrẹ tí a ó máa tọ́ka sí jù lọ, nítorí pé òun ni ó gbilẹ̀ jù lórí kọ̀ǹpútà àdáni, àwọn òfin rẹ̀ sì wà nínú ìwé ju ti ọ̀pọ̀ ètò mìíràn lọ.

2.0 Rírà àti gbígba ìyọ̀ǹda

Nígbà kan, kò sí ohun tí ń jẹ́ pé ènìyàn ra ètò lọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá gba ẹ̀rọ ńlá lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ IBM ń gba ètò rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn, bí ẹni tí ó ra ìkòkò tí wọ́n fi ọmọrí rẹ̀ lé e lórí. Ní oṣù kẹfà ọdún 1969 ni IBM kéde pé òun yóò máa gba owó díẹ̀ nínú àwọn ètò náà lọ́tọ̀. Láti ìgbà náà ni ètò ti di ọjà tí ó dá dúró, ìṣòro tí ó bá a wá sì hàn láìpẹ́: ọjà yìí ṣe é dà kọ láìná ohunkóhun, ẹ̀dà rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí èyí tí a dà á kọ láti ara rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1976 Bill Gates kọ lẹ́tà gbangba sí àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà kékeré ṣe ìgbádùn, ó ń ráhùn pé púpọ̀ nínú àwọn tí ń lo ètò BASIC tí òun àti ẹgbẹ́ òun kọ ni kò san owó rẹ̀. Àwọn tí ń ta ètò gbìyànjú oríṣiríṣi ìdènà. Lotus 1-2-3, ètò ìṣirò tí ó jáde ní ọdún 1983, ń béèrè pé kí ojúlówó dísìkì rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ kí ó tó ṣí. Àwọn mìíràn ń fún oníbàárà ní ohun kékeré kan tí yóò kì bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Ìdènà báwọ̀nyí kò bìkítà nípa ẹ̀rọ tí ètò wà lórí rẹ̀. Ẹni tí dísìkì tàbí ohun kékeré náà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ètò ń jẹ́ tirẹ̀, ó sì lè gbé e lọ sí orí ẹ̀rọ mìíràn nígbà tí ó bá wù ú.

Síbẹ̀, ìwé àdéhùn tí ó bá ètò wá ti ń sọ ohun mìíràn láti ìgbà pípẹ́. Ohun tí ó máa ń wà níbẹ̀ ni pé a kò ta ètò yìí, a yọ̀ǹda rẹ̀ ni. Fún ẹni tí ó bá mọ ètò ilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ìyàtọ̀ yìí kò ṣòro láti lóye. Ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ ń dáko lórí ilẹ̀, ó ń kórè, ọmọ rẹ̀ sì lè jogún oko náà. Ṣùgbọ́n kò lè ta ilẹ̀, kò sì lè fà á lé àjèjì lọ́wọ́ láìjẹ́ pé onílẹ̀ gbọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ipò ẹni tí ó gba ìyọ̀ǹda ètò. Ibi tí àfiwé náà kù sí ni pé ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àtọ̀húnwá ni òun lórí ilẹ̀ náà, ojú àwọn ẹlẹ́rìí ni wọ́n sì ti bá a sọ ọ́. Ẹni tí ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà “rà” lẹ́nu ẹni tí ń tajà, ó ń rí iye owó lára páálí, a sì ń kọ rìsíìtì fún un. Ọjọ́ tí ó bá pààrọ̀ mọ́dàbọ́ọ̀dù ni ó tó mọ̀ pé onílẹ̀ wà.

3.0 Kíka ẹ̀yà ara: ìlànà ọdún 2001

Windows XP, tí ó jáde ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 2001, ni Windows àkọ́kọ́ tí ó sọ gbígba àṣẹ di dandan fún gbogbo ẹni tí ó bá rà á lọ́jà. Office XP ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ní ọdún kan náà. Ẹni tí ó bá rà á yóò tẹ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, tí í ṣe àkópọ̀ létà àti nọ́ńbà 25, yóò sì ní ọjọ́ 30 láti gba àṣẹ. Bí kò bá ní íntánẹ́ẹ̀tì, yóò pe Microsoft lórí tẹlifóònù, yóò ka nọ́ńbà 50 tí ó yọ lójú ẹ̀rọ fún wọn, àwọn náà yóò sì ka nọ́ńbà 42 padà fún un láti tẹ̀ wọlé. Bí ọjọ́ 30 bá pé tí kò ṣe é, ẹ̀rọ kò ní jẹ́ kí ó wọlé sídìí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

Nínú nọ́ńbà 50 yìí ni àwòrán ẹ̀rọ wà. Ètò náà ń wo ohun mẹ́wàá lára kọ̀ǹpútà: káàdì tí ń gbé àwòrán jáde, ohun tí ń darí dísìkì oríṣi SCSI, èyí tí ń darí oríṣi IDE, nọ́ńbà ìdánimọ̀ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìwọ̀n RAM, oríṣi pírósẹ́sọ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ pírósẹ́sọ̀, háàdì dísìkì, nọ́ńbà tí a fi sàmì sí ìpín dísìkì tí Windows wà, àti ẹ̀rọ tí ń ka CD. Kì í kọ orúkọ wọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń fi ìṣirò sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di òǹkà kékeré kan tí kò ṣe é tọ̀ padà sí ibi tí ó ti wá. Ilé-iṣẹ́ Fully Licensed ní ìlú Berlin tú ìlànà náà wò, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní oṣù keje ọdún 2001, kí Windows XP tó dé ọjà. Ohun tí wọ́n rí ni pé bíìtì 10 péré ni a fún nọ́ńbà ìpín dísìkì, èyí tí ó túmọ̀ sí pé iye tí ó lè jẹ́ kò ju 1,024 lọ. Bíìtì 3 ni a fún ìwọ̀n RAM, tí iye tirẹ̀ kò sì lè ju 8 lọ. Ọ̀kẹ́ àìmọye kọ̀ǹpútà ni yóò ní òǹkà kan náà fún RAM. Ìbẹ̀rù àwọn kan pé Microsoft ń fi èyí ṣe amí ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nígbà náà. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ kò sí nínú ohun tí a gbà lọ́wọ́ oníbàárà bí kò ṣe nínú ìdájọ́ tí a fi gbé kalẹ̀.

Ìdájọ́ náà nìyí. Windows ń fi ẹ̀rọ bí ó ti wà wé àwòrán ẹ̀rọ bí ó ti wà nígbà tí a gba àṣẹ. Bí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà tí kò sì yí padà, ó di ìgbà tí ohun 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àwọn yòókù bá yí padà kí ó tó béèrè pé kí a tún àṣẹ gbà. Bí káàdì náà bá yí padà, tàbí tí kò sí rí, ìyípadà 4 ti tó, káàdì náà gan-an sì wà lára 4 tí à ń kà. Fún kọ̀ǹpútà alágbèéká tí a lè so mọ́ ìjókòó rẹ̀ lórí tábìlì, ìlànà náà gbòòrò sí i.

Ẹni tí ó ṣètò yìí fi ojú àánú wò ó, ó sì yẹ kí a gbà bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń lo kọ̀ǹpútà kì í pààrọ̀ ẹ̀yà mẹ́rin láé. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta wà níbẹ̀ tí kò hàn sí oníbàárà. Èkíní ni pé ìpààrọ̀ ọdún yìí ń dúró de ti ọdún tí ń bọ̀. Àwòrán ìgbà tí a gba àṣẹ ni a fi ń wéra, kì í ṣe ti àná. Nítorí náà ẹni tí ó fi ọdún mẹ́ta pààrọ̀ ẹ̀yà kan lẹ́yìn òmíràn yóò bá ìdájọ́ kan náà pàdé pẹ̀lú ẹni tí ó pààrọ̀ gbogbo wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Èkejì ni pé ẹni tí ó fọ dísìkì rẹ̀ mọ́ pátápátá láti tún Windows tò ti yí nọ́ńbà ìpín dísìkì padà láìra ohun tuntun kankan, nítorí pé nọ́ńbà náà ń di tuntun nígbà tí a bá fọ dísìkì. Ẹ̀kẹta, tí ó le jù, ni pé ẹ̀yà ẹ̀rọ kì í dá rìn. Nígbà tí ó yá tí a ń kó ohun tí ń darí IDE, káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àti nígbà mìíràn ti àwòrán, pọ̀ sára mọ́dàbọ́ọ̀dù, ẹni tí ó bá pààrọ̀ mọ́dàbọ́ọ̀dù nìkan ti pààrọ̀ ohun mẹ́ta lójú ẹni tí ń kà á. Bí pírósẹ́sọ̀ àtijọ́ kò bá wọ inú èyí tuntun, mẹ́rin ti pé, ó sì ti rékọjá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá rékọjá báyìí kò ní àkókò kankan: ó gbọ́dọ̀ tún àṣẹ gbà kí ó tó lè wọlé. Nínú àtúnṣe àkọ́kọ́ tí a ṣe sí Windows XP ní ọdún 2002 ni a tó fún un ní ọjọ́ 3. Ìyàtọ̀ láàárín ọjọ́ 30 àti ọjọ́ 3 tọ́ láti kíyè sí. Ẹni tí a kò mọ̀ rí, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ni a fún ní ọjọ́ 30. Ẹni tí ó ti gba àṣẹ tẹ́lẹ̀ ni a fún ní 3.

Àwọn Yorùbá ní ohun kan tí ó fara jọ ìbéèrè yìí nínú agọ̀ egúngún. A máa ń rán aṣọ tuntun mọ́ agọ̀ láti ọdún dé ọdún, títí aṣọ àtijọ́ yóò fi bọ́ sábẹ́ tuntun, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò sọ pé egúngún náà ti di òmíràn. Orúkọ rẹ̀ kò kúrò, oríkì rẹ̀ kò yí padà, ìdílé tí ó ni ín ni ó sì ń jẹ́rìí sí i. Ìlànà ọdún 2001 kò ní ìdílé kankan tí yóò jẹ́rìí. Kò mọ ẹni tí ó ni ẹ̀rọ, kò sì béèrè. Aṣọ nìkan ni ó ń kà.

4.0 Mọ́dàbọ́ọ̀dù gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ gan-an

Oríṣi ìyọ̀ǹda méjì ni ó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ilé-iṣẹ́. Ọ̀kan ni èyí tí ènìyàn rà lọ́tọ̀ nínú páálí tirẹ̀; ẹni tí ó ni ín lè gbé e kúrò lórí ẹ̀rọ kan lọ sórí òmíràn, bí ó bá ti yọ ọ́ kúrò lórí ti àkọ́kọ́. Èkejì ni èyí tí ó bá kọ̀ǹpútà tuntun wá láti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é. Owó rẹ̀ kéré, nítorí pé a so ó mọ́ ẹ̀rọ náà títí láé: bí ẹ̀rọ bá kú, ìyọ̀ǹda náà kú pẹ̀lú rẹ̀. Ìyọ̀ǹda kejì yìí ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ pé oríṣi méjì ni ó wà.

Fún ìyọ̀ǹda kejì, kíka ẹ̀yà kò tó. Ó ní láti jẹ́ pé ohun kan wà tí a lè pè ní ẹ̀rọ náà, tí àwọn yòókù jẹ́ àfikún lára rẹ̀. Microsoft sọ pé mọ́dàbọ́ọ̀dù ni. Ènìyàn lè pààrọ̀ gbogbo ohun tí ó kù, ṣùgbọ́n bí ó bá pààrọ̀ mọ́dàbọ́ọ̀dù láti mú kí ẹ̀rọ rẹ̀ yára sí i, kọ̀ǹpútà tuntun ni ó ti ní, ó sì gbọ́dọ̀ ra ìyọ̀ǹda mìíràn. Bí ó bá jẹ́ pé ó bàjẹ́ ni, tí a sì fi irú rẹ̀ rọ́pò rẹ̀, kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà ni. Kíyè sí i pé irin kan náà ni a yọ, irin kan náà ni a fi sí i. Ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó ṣe é ni ó pinnu bóyá ẹ̀rọ tuntun ni tàbí ti àtijọ́. Ẹ̀rọ kò lè rí ọkàn. Nítorí náà ni ó ṣe jẹ́ pé orí tẹlifóònù ni irú ọ̀ràn báyìí máa ń parí sí, níbi tí òṣìṣẹ́ kan yóò ti béèrè ìdí tí a fi pààrọ̀ rẹ̀, tí ìdáhùn oníbàárà yóò sì jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ó wà.

Láti ìgbà Windows 8, tí ó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, ìlànà yìí ti wọ inú irin pátápátá. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe kọ̀ǹpútà ń kọ kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sínú mẹ́mórì kékeré kan lára mọ́dàbọ́ọ̀dù, nínú àtẹ kan tí a ń pè ní MSDM. Bí a bá ń tún Windows tò, yóò wo ibẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò mú kọ́kọ́rọ́, kò sì ní béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ènìyàn. Ìrọ̀rùn ńlá ni èyí fún ẹni tí háàdì dísìkì rẹ̀ bàjẹ́. Fún ẹni tí mọ́dàbọ́ọ̀dù rẹ̀ bàjẹ́, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti bá ohun tí ó kú lọ.

Ibí yìí ni ọ̀ràn náà ti kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n. Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tí a ń lò níbẹ̀ jẹ́ tòkunbọ̀. Ìwé tí ẹgbẹ́ Basel Action Network tẹ̀ jáde ní ọdún 2005 sọ pé bí kọ̀ǹténà 500 ẹrù ẹ̀rọ àlòkù ni ó ń wọ Èkó lóṣooṣù nígbà náà, àti pé apá ńlá nínú wọn ni kò ṣe é lò mọ́ rárá. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà mọ bí a ti ń yọ ẹ̀yà tí ó yè lára òkú ẹ̀rọ láti fi jí òmíràn dìde. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó yẹ kí a yìn ni. Ṣùgbọ́n mọ́dàbọ́ọ̀dù tí wọ́n yọ gbé kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ dání. Ẹni tí ó ní Windows Pro lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí a wá fi mọ́dàbọ́ọ̀dù láti ara ẹ̀rọ tí ó ní Windows Home tún un ṣe, yóò rí i ní ọjọ́ tí ó bá fẹ́ tún Windows tò pé ẹ̀rọ rẹ̀ ti yan Home fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó tàn án jẹ. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ ta irin fún un, irin náà ń ṣiṣẹ́. Ìyọ̀ǹda tí ó wà nínú irin kò sí nínú ohun tí àwọn méjèèjì dúnàádúrà lé lórí.

5.0 Láti ara ẹ̀rọ sí orúkọ ènìyàn

Windows 10 jáde ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 2015. Fún ọdún kan gbáko, ẹni tí ó ní Windows 7 tàbí 8.1 tí ó ti gba àṣẹ lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tí wọ́n gbà á báyìí kò ní kọ́kọ́rọ́ tuntun lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ní ni àkọsílẹ̀ kan lọ́dọ̀ Microsoft pé ẹ̀rọ tí ó ní irú àwòrán báyìí ti gba ìyọ̀ǹda. Ìṣòro tí ó wà nínú èyí hàn kíákíá: ẹni tí ó pààrọ̀ mọ́dàbọ́ọ̀dù kò ní ohunkóhun tí yóò fi hàn, kò ní páálí, kò ní kọ́kọ́rọ́ tí ó bá a mu, àkọsílẹ̀ náà kò sì jọ ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, nínú àtúnṣe tí ó jáde ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 2016, a fún àwọn ènìyàn ní ọ̀nà àbáyọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè so ìyọ̀ǹda náà mọ́ àkáǹtì rẹ̀ lọ́dọ̀ Microsoft. Bí ó bá wá pààrọ̀ ẹ̀yà ńlá, yóò ṣí ibi tí a ti ń wá ojútùú sí ìṣòro gbígba àṣẹ, yóò sọ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ẹ̀yà ẹ̀rọ, yóò fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ wọlé, yóò sì mú ẹ̀rọ rẹ̀ láàárín àwọn tí ó wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹlẹ́rìí tí kò sí ní ọdún 2001 ti dé. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí yìí ní láti ti wà níbẹ̀ kí ẹ̀rọ tó bàjẹ́. Ẹni tí kò so ìyọ̀ǹda mọ́ àkáǹtì títí mọ́dàbọ́ọ̀dù fi jó kò lè padà lọ so ó, nítorí pé orí ẹ̀rọ tí ó ti gba àṣẹ nìkan ni a ti lè ṣe é. Bí ó bá sì so ó, kò tíì jẹ́ ìdánilójú. Microsoft kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ pé ìgbìyànjú náà lè kùnà bí oríṣi Windows tí ó wà lórí ẹ̀rọ kò bá bá ti inú ìyọ̀ǹda mu, bí irú ẹ̀rọ bá yàtọ̀, tàbí bí iye ìgbà tí a lè tún àṣẹ gbà bá ti pé. Iye ìgbà náà kò sí nínú ìlànà tí a fi han oníbàárà.

Ìyà tí ń jẹ ẹni tí kò gba àṣẹ náà ti rọ̀ gan-an. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Windows Vista, ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé lè ṣí íntánẹ́ẹ̀tì fún wákàtí kan péré kí ẹ̀rọ tó lé e jáde. Àtúnṣe ọdún 2008 mú èyí kúrò. Lórí Windows 10 àti 11, ọ̀rọ̀ kan yóò kàn máa hàn ní igun ojú ẹ̀rọ, ẹni náà kò sì ní lè yí àwòrán àti àwọ̀ rẹ̀ padà bí ó ti fẹ́. Ẹni tí ó bá wo èyí nìkan lè rò pé ìjà ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó parí ni ìdènà ojú ọ̀nà. Ìbéèrè ẹni tí ó ni ín ṣì wà níbi tí ó wà, ó tilẹ̀ ti jinlẹ̀ sí i, nítorí pé ẹni tí ó bá pàdánù àkáǹtì rẹ̀ lè pàdánù ẹ̀rí ìyọ̀ǹda rẹ̀ pẹ̀lú, láìjẹ́ pé ìṣó kan yẹ̀ lára ẹ̀rọ.

6.0 Ohun tí àwọn ilé ẹjọ́ sọ

Kò sí ohùn kan lórí ọ̀ràn yìí láàárín àwọn adájọ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 2000, ilé ẹjọ́ gíga jù fún ẹjọ́ aráàlú ní Jámánì dá ẹjọ́ kan tí Microsoft pè, lórí ètò tí a ṣe láti máa bá kọ̀ǹpútà tuntun lọ ṣùgbọ́n tí oníṣòwò kan tà lọ́tọ̀. Ilé ẹjọ́ sọ pé nígbà tí ẹni tí ó ni ètò bá ti fi ẹ̀dà kan sí ọjà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti pinnu bí ẹ̀dà náà yóò ṣe máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn ti parí. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Nínú ẹjọ́ Vernor àti Autodesk, tí a dá ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, ọkùnrin kan ń ta ẹ̀dà AutoCAD àlòkù lórí eBay. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé níwọ̀n ìgbà tí ìwé àdéhùn ti pè é ní ìyọ̀ǹda, tí ó dí fífà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, tí ó sì fi ààlà sí bí a ṣe lè lò ó, ẹni tí ó kọ́kọ́ gbà á kì í ṣe oníǹkan, kò sì ní ohun tí ó lè tà.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 3 oṣù keje ọdún 2012, ilé ẹjọ́ gíga ti àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù sọ nínú ẹjọ́ UsedSoft àti Oracle pé bí ènìyàn bá san owó kan ṣoṣo láti lo ètò títí láé, títà ni a tà á fún un, ohun yòówù kí ìwé àdéhùn pè é. Kódà bí ó bá jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ti gbà á. Ṣùgbọ́n wọ́n fi kún un pé ẹni tí ó bá ń tà á gbọ́dọ̀ pa ẹ̀dà tirẹ̀ rẹ́, àti pé ẹni tí ó ni ètò lè lo ọ̀nà iṣẹ́-ẹ̀rọ, bíi kọ́kọ́rọ́, láti rí i dájú pé ó ṣe bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni ó ṣe pàtàkì jù fún iṣẹ́ yìí. Ilé ẹjọ́ fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́, ó sì jẹ́ kí ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ náà wà lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á. Ẹni tí ó gba ìdáláre ní Jámánì ṣì ní láti tẹ kọ́kọ́rọ́ kan náà, kí ó sì dúró de ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kan náà bí ti ará Amẹ́ríkà tí wọ́n dá lẹ́bi.

7.0 Kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ gíga

Ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé-iṣẹ́ ńlá kì í gba àṣẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà Windows XP, kọ́kọ́rọ́ tí a fún wọn kò béèrè àṣẹ rárá, ọ̀kan nínú wọn sì ti bọ́ sọ́wọ́ ayé kí Windows XP tó jáde. Láti ìgbà Vista ni Microsoft ti gbé ìlànà KMS kalẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ní kọ̀ǹpútà kan tí ń fún àwọn yòókù ní àṣẹ, bí wọ́n bá ti tó 25, tàbí 5 bí ó bá jẹ́ sáfà. Bí a bá pààrọ̀ ẹ̀yà ọ̀kan nínú wọn, yóò kàn sí kọ̀ǹpútà náà, yóò tún àṣẹ gbà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹni tí ó wà nínú ọgbà kò ní ìṣòro tí a ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ àṣẹ yìí kì í ṣe títí láé. Ọjọ́ 180 ni ó ń lò, ẹ̀rọ sì ń gbìyànjú ní ọjọ́ méje méje láti sọ ọ́ di tuntun. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbé kọ̀ǹpútà ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ lọ sí oko ìwádìí fún oṣù mẹ́jọ, ní abúlé tí kò ti lè dé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé-ẹ̀kọ́, yóò bá a pàdé ní nǹkan bí oṣù kẹfà pé àṣẹ ti tán. Ní ti Windows, ọ̀rọ̀ tí yóò yọ ní igun ojú ẹ̀rọ kò ní dí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ètò tí ó fi ń ṣe ìṣirò tàbí tí ó fi ń tú ohùn tí ó gbà sílẹ̀ bá jẹ́ èyí tí ń wá àṣẹ lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ ní gbogbo ìgbà tí a bá ṣí i, nítorí pé irú wọn kì í ṣí rárá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kúrò nínú ọgbà, ó yẹ kí ó béèrè oríṣi ìyọ̀ǹda tí ó wà lórí ẹ̀rọ tí a yá a, kí ó mọ iye ọjọ́ tí ó ní láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà kàn sí ilé kẹ́yìn, kí ó sì fi ẹ̀dà àwọn fáìlì rẹ̀ pamọ́ ní irú ọ̀nà tí ètò mìíràn lè kà. Bí mọ́dàbọ́ọ̀dù bá jó mọ́ ọn lọ́wọ́ lóko, ẹni tí ó tún un ṣe lè jí ẹ̀rọ náà dìde. Ẹni tí yóò fún un ní àṣẹ wà nílé.